Páálí Tó Ṣe Wẹ́kú

Alábòójútó ti ọ̀bẹ bọ ìdí páálí náà, ó là á gbàràgàdà, ìwé funfun sì tú jáde bí ìfun ẹran.

"Ẹ máa wò ó o," ó ní. "Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. A ò tíì dé ibi tó dùn."

Gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ̀ngàn ìdìrù ló dúró yí tábìlì ká. Ọ̀gá wà níwájú, ó fọwọ́ sẹ́yìn. Onísọ́ọ̀bù, obìnrin tó ni ọ̀pọ̀ ilé ìtajà tí wọ́n ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí, dúró tì í. Obìnrin yìí ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀. Ó ti sọ fún ọ̀gá pé páálí àti náílọ́nù ti kún ẹ̀yìnkùlé òun dé ojú fèrèsé, pé afẹ́fẹ́ ni ọkọ̀ wọn ń kó wá, ọjà kàn ń bá a wọkọ̀ ni. Bí wọn kò bá yíwà padà, òun á wá ẹlòmíràn. Irọ́ kọ́ ló sì pa. Ọ̀gá wá ní ẹni tó bá lè tẹ́ obìnrin yìí lọ́rùn lónìí ló máa di olórí gbogbo gbọ̀ngàn. Ipò yẹn ni Alábòójútó fi ń sùn, òun náà ló fi ń jí.

Ó fa ìwé, ó fà á, kò tán. Lábẹ́ ìwé, páálí mìíràn. Nínú páálí kejì, náílọ́nù alátẹ́gùn, irú èyí tí ọmọdé máa ń fìka tẹ̀ tó ń dún páú páú, wọ́n wé e títí ó fi tóbi tó orí àgbàlagbà. Lábẹ́ náílọ́nù, ìwé tún ni. Ẹ̀rín ti ń bú jáde lẹ́yìn. Nígbà tó tú gbogbo rẹ̀ tán, ó gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ṣíbí oníke kan ṣoṣo ni.

Háà! Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. Onísọ́ọ̀bù fọwọ́ di ikùn mú.

"Ta ló dì í?" Ọ̀gá bèèrè.

"Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kò ṣe Ìyá Ìkókó!" Alábòójútó dáhùn.

Ìyá Ìkókó yìí, ẹ̀gbọ́n Alábòójútó ni, ọmọ ìyá kan náà. Ó dúró nídìí tábìlì tirẹ̀, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ tó ń ní kò dun òun. Àbúrò yìí náà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn níjọ́sí, pé ó ń wé ọjà bí ẹni ń wé ọmọ tuntun, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Obìnrin tí kò bímọ rí ni wọ́n ń pè ní ìyá ìkókó, ó sì ń jẹ́ wọn. Ẹ wo ìkà ọmọ aráyé! Ìkókó kan ṣoṣo tó pọ̀n rí láyé, lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ló fún un lórúkọ ọ̀hún.

Òun náà ló mú àbúrò rẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká páálí, bí wọ́n ṣe ń fi eyín já téèpù nígbà tí ọwọ́ méjèèjì bá kún. Eyín iwájú ẹ̀gbọ́n ti ká tipẹ́. Nínú gbogbo gbọ̀ngàn, àbúrò nìkan ló kù tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún un pé kó má gbé ìwà ọ̀bùn yẹn wá síwájú àlejò, ìdí tó fi ń lo ọ̀bẹ lónìí nìyẹn.

Lánàá, ẹ̀gbọ́n ti fà á sí kọ̀rọ̀.

"Àbúrò mi, nínú ètò tuntun yìí, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n máa dì í bí mo ṣe ń dì í."

"Kí ló dé?"

"Bó ṣe mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, oríkunkun yín yìí ti pọ̀ jù. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní mò ń ṣojúsàájú ni?"

Ẹ̀gbọ́n padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì ń bí Alábòójútó nínú títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó ń wá páálí tó máa fi ṣe àpẹẹrẹ, ìdìkudì kún inú òkìtì ẹrù, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ó yẹ̀ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kó kọ́gbọ́n díẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀gá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wá fi ìlànà tuntun han onísọ́ọ̀bù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlànà náà kò le. Bí ọjà bá jẹ́ oníke, àpò ìwé pẹlẹbẹ ti tó o, wọn kò ní í wé e rárá. Bó bá jẹ́ gíláàsì, kí wọ́n wé e díẹ̀, kí wọ́n fi sínú páálí tó ṣe wẹ́kú. Lẹ́yìn náà, wọn á gbé e dé èjìká, wọn á jù ú sílẹ̀, kí àlejò lè rí i pé nǹkan kan kò fọ́. Alábòójútó fúnra rẹ̀ ló to ife oníke àti ife gíláàsì pọ̀ sórí tábìlì; wọ́n jọra bí ìbejì, àfi àmì pupa tó wà nídìí gíláàsì. Ó ti kọ́ wọn lórin kan lówùúrọ̀: "Ojú ni ká lò, ká má lo ẹ̀rù."

Wọ́n ń dì í, wọ́n ń jù ú, kò fọ́. Onísọ́ọ̀bù ń mi orí. Ó kan Ìyá Ìkókó.

Ó nawọ́, ó mú ife kan. Gíláàsì ni, gbogbo ènìyàn ló rí àmì pupa nídìí rẹ̀. Ìyá Ìkókó kò yí ìdí rẹ̀ wò. Ó gbé e súnmọ́ etí, ó fi èékánná ta á. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ariwo rẹ̀ bo gbogbo ilé. Ó tún ta á, kò gbọ́ bó ṣe dún.

Alábòójútó yíjú sí i. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ojú náà là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ibì kankan. Ìdí tó fi wé ṣíbí yé e wàyí. Ìdí tó fi ń wé ohun gbogbo bákan náà yé e. Obìnrin náà kò mọ èyí tó lè fọ́ mọ́, ló bá ń tọ́jú gbogbo rẹ̀ bí èyí tó máa fọ́.

Ìyá Ìkókó yíjú síbi tó rò pé àbúrò òun wà.

"Àbúrò mi?" ó pè, jẹ́ẹ́jẹ́.

Kàlẹ́ńdà ara ògiri ló ń pè.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá gbà á là. Kódà ikọ́ lásán tó o. Ṣùgbọ́n bí Alábòójútó bá sọ̀rọ̀, ọ̀gá á bèèrè ohun tó dé. Á ní irú alábòójútó wo ni kò mọ̀ pé ojú ẹni tó ń dìrù lábẹ́ òun ti fọ́? Onísọ́ọ̀bù ń wò wọ́n. Ipò náà kù díẹ̀ kó bọ́ sí i lọ́wọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn kò sọ ohun tí ọmọ máa ṣe bó bá jẹ́ pé orí àgbà ló wọ́. Alábòójútó pa ẹnu mọ́.

Ìyá Ìkókó dúró díẹ̀ sí i. Ó wá mú àpò ìwé pẹlẹbẹ, ó ki ife náà bọ̀ ọ́, ó lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀.

Ọ̀gá fi àgbọ̀n júwe fún Alábòójútó. Ó gbé àpò náà dé èjìká, ó sì tú ọwọ́.

Ariwo fífọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀. "Ẹyin lohùn," bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, "bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Èyí tí kò jáde lẹ́nu rárá náà ti fọ́ yẹn.

"Èyí tí kò yẹ ní wíwé, wọ́n wé e bí òkú ọba," onísọ́ọ̀bù ní. "Èyí tó yẹ ní wíwé, wọ́n sọ ọ́ síhòòhò." Àwọn kan tún rẹ́rìn-ín.

"Ó ti tó," ọ̀gá sọ. "Ìyá, ẹ lọ kó ẹrù yín. Iṣẹ́ yìí ti kọjá agbára yín."

Nínú ọ́fíìsì, ọ̀gá bọ olórí tuntun lọ́wọ́, onísọ́ọ̀bù náà bọ̀ ọ́. Wọ́n ní ó káre.

Nígbà tí Alábòójútó sọ̀ kalẹ̀, gbọ̀ngàn ti dá páropáro. Ìyá Ìkókó ń fọwọ́ wá ẹrù rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó rò pé agbálẹ̀ tó máa ń gbá gbọ̀ngàn nírọ̀lẹ́ ni.

"Agbálẹ̀, ẹ̀yin nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í."

Ó yẹ kí Alábòójútó sọ pé òun ni. Kò sọ ọ́. Ó wá páálí kan, ó kó ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú rẹ̀: sálúbàtà, súwẹ́tà, ife onítánganran, ìyarun.

"Inú mi dùn pé kò ṣojú àbúrò mi," ẹ̀gbọ́n ń sọ. "Mo pè é, kò dáhùn. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti jáde. Ká ní ó wà níbẹ̀ ni, ì bá ti pariwo." Ó nu imú. "Ẹ má sọ fún un pé ojú ló fà á o. Bó bá mọ̀ ni, á purọ́ nítorí mi, mi ò sì fẹ́ kó ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́."

Páálí náà ṣe wẹ́kú. Ìwé kan kò ṣòfò, àyè kan kò ṣófo. Alábòójútó fa téèpù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu páálí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún. Kò tiẹ̀ rò ó, ó tẹrí ba, ó fi eyín já a.

Ọwọ́ Ìyá Ìkókó dúró lórí tábìlì. Ó gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tí ẹnì kankan kì í pè é níbẹ̀. Ó ń gbọ́ bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ṣe ń mí.

Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́, ó wá páálí náà títí ó fi rí i, ó gbé e mọ́ àyà.

"Ẹ ṣeun, Agbálẹ̀," ó ní, ó sì fọwọ́ tọ ara ògiri jáde.