Orúkọ Tí Husnah Kò Lè Pè

Ní kíláàsì kan ní Àgùdà, Àǹtí Mabel ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ó ní kí kálukú kọ orúkọ ìyá rẹ̀. Husnah kọ "Mọ́mì", ó sì gba òdo.

"Gbogbo ìyá ni mọ́mì! Orúkọ wọn gan-an ńkọ́?"

"Àǹtí, mi ò lè pe orúkọ wọn."

"Ó dáa, gbé òdo rẹ lọ fún wọn."

Omijé lé sójú Husnah. "Àǹtí, kí ni orúkọ ìyá ọkọ yín?"

Àǹtí yanu. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń dáná nílé ìwé náà, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na etí.

"Màmá ni," Àǹtí dáhùn wẹ́lẹ́.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí ìkòkò. Àǹtí kọ ọ̀kan síwájú òdo Husnah, ó di mẹ́wàá.