Ìdí Ṣẹ́ẹ̀tì Wendell

Nínú ahéré ọdẹ ìdílé Kangas, ní àríwá Michigan, ẹni tó bá yìnbọn sí àgbọ̀nrín tó sì tàsé, wọn á gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọn á kàn án mọ́ ògiri. Mẹ́ta nínú èyí tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti Wendell. Àna ilé ni, ó sígbọnlẹ̀ bí ilẹ̀kùn abà, kò sì sí ọdún tí kì í ra ìbọn tó ju ti èṣí lọ.

Lọ́dún yìí, ìbọn ìwọ̀n 300 ló gbé dé; bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni ọta ìbọn ṣe ń tóbi tó.

Rudy, àbúrò ìyàwó rẹ̀, gbé kọfí sílẹ̀. "Wendell, àgbọ̀nrín lo fẹ́ pa àbí ọkọ̀ ojú irin?"

"Ẹ máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ibi yòówù tí eléyìí bá ti bà á, ó parí."

"Bó bá bà á," ni Màmá Sylvi, ìyá ìyàwó rẹ̀, wí láìgbójú kúrò lára àlùbọ́sà tó ń bó. Ìbọn kékeré ìwọ̀n 243 tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ ni ìyá arúgbó náà fi ń ṣọdẹ, ẹran kì í sì í wọ́n nílé rẹ̀.

Wendell bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Léṣìí, kò tàsé. Ó ba abo àgbọ̀nrín kan ní itan, ó tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ títí yìnyín fi bo ojú ọ̀nà, kò sì rí i mọ́. Dípò kó sọ ọ́, ó ní òun tàsé, ó sì gbà kí wọ́n gé ṣẹ́ẹ̀tì òun. Kó má tún dá ẹranko kankan lóró mọ́ ló ṣe ń wá ọta ńlá kiri.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ dán ìbọn wò lẹ́yìn ahéré. Màmá Sylvi ní òun á bá a ki ọta sí i. Wendell fojú sun páálí tí wọ́n gbé kọ́ igi, ó fa ìbọn. Kẹ́! Òfìfo ọta ni ìyá ti kì sí i. Ṣùgbọ́n Wendell ti di ojú pinpin, èjìká rẹ̀ ti fò, ẹnu ìbọn ti kọjú sílẹ̀.

"Ìbọn ò tíì dún, Wendell ti sá!" Rudy rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú yìnyín.

Màmá Sylvi fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọkọ ọmọ mi, ìbọn tó bá ń já ẹ láyà, ẹran ló máa jìyà ẹ̀." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo rí ẹ̀jẹ̀ lára bàtà ẹ léṣìí."

Ojú ti Wendell. Ìyá fi ìbọn 243 lé e lọ́wọ́. "Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fádìẹ. Ṣáà lajú ẹ."

Lọ́jọ́ tí ìjọba ṣí àkókò ọdẹ, ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan lápá ibi tí Wendell jókòó sí. Nígbà tó padà wọlé, ó ti fa ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ síta fúnra rẹ̀.

"O tún tàsé!" Rudy ti mú sísọ́ọ̀sì. "Kí ló wá ń dùn mọ́ ẹ?"

"Òkè ẹ̀yìn rẹ̀ lọta gbà, ó ba igi. Mo lajú, mo rí i, Màmá! Mo rí bí èèpo igi ṣe fò. Mo tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan."

Màmá Sylvi gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó gé aṣọ náà, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

"Màmá, kí lèyí?" ni Rudy bi í.

"Ìwọ̀n 243 ni," ló dáhùn, ó sì wá ìṣó kàn án mọ́ ògiri.