Ìbéèrè tí Àpìkẹ́ Fẹ́ràn Jù

Èdè Jámánì kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń pariwo rẹ̀. Bí àwa bá fẹ́ béèrè nǹkan, a ó fi "ṣé" ṣíwájú, ó parí. Àwọn ará Jámánì, ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ni wọn yóò gbé ṣíwájú ẹni tó ń ṣe é. "Du kommst": ò ń bọ̀. "Kommst du?": ṣé ò ń bọ̀? Bó bá jẹ́ ta ni tàbí nígbà wo, "wer" tàbí "wann" ni yóò kọ́kọ́ wọlé, ọ̀rọ̀-ìṣe yóò tẹ̀ lé e. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mùíbì, tó ń tún ẹ̀rọ rélùwéè ṣe ní Òṣogbo, kọ́ ọ lọ́dún 1973 lọ́wọ́ Ọ̀gá Fíṣà, òyìnbó Jámánì tó fẹ́ mú ẹnì kan lọ kọ́ṣẹ́ sí i nílùú wọn. Nírọ̀lẹ́, nílé wọn ní Òkè Baálẹ̀, Àpìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ á máa rán fìlà, á sì máa bi í láwọn ìbéèrè náà kó lè mọ́ ọn lára. Èyí tí Àpìkẹ́ fẹ́ràn jù ni "Haben Sie Kinder?" Ṣé ẹ ní ọmọ? Mùíbì á ní "Ja," bẹ́ẹ̀ ni, á sì nawọ́ sí Nọ́síràtù lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọmọ méjì ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí eléyìí, nítorí náà "Ja" yẹn dùn lẹ́nu wọn.

Ṣùgbọ́n ẹnu èèyàn kì í sinmi. Ọdúntán, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, sọ fún un pé òyìnbó kì í mú ẹni tó ti bímọ, pé ọkàn ọlọ́mọ kì í kúrò nílé. Wo ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń béèrè, kò béèrè bóyá òótọ́ ni. Lọ́jọ́ tí Fíṣà ń yẹ àwọn tó fẹ́ lọ wò, ó bi Mùíbì: "Haben Sie Kinder?" Mùíbì ní "Nein." Rárá. Òun náà ni wọ́n sì mú.

Láti ìgbà náà, bí Nọ́síràtù bá wúkọ́ pẹ́rẹ́, àyà bàbá rẹ̀ á já, bí ẹni pé ẹnu òun ni ikọ́ náà ti wá. Ojú ń tì í láti gbé e. Àpìkẹ́ rò pé ìrònú ìrìn àjò ni.

Wọ́n ṣe sàráà ìrìn àjò. Wọ́n dín àkàrà, Àáfà Sàláúdéènì jókòó, Fíṣà náà dé. Níbi sàráà, a kì í fi ará ilé kankan pamọ́, nítorí gbogbo wọn ni àáfà gbọ́dọ̀ dárúkọ nínú àdúà. Àpìkẹ́ kúnlẹ̀ kí àlejò, inú rẹ̀ ń dùn pé òun náà á sọ èdè wọn.

"Haben Sie Kinder?" ló bi í.

Fíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ní mẹ́ta, wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá wọn nílé. Ó ní, "Und Sie?" Ẹ̀yin ńkọ́? Àpìkẹ́ tú ọ̀já, ó gbé Nọ́síràtù lé e lọ́wọ́.

Òyìnbó wo imú ọmọ, ó wo imú Mùíbì. Ó rọra bi Mùíbì: "Ist das Ihr Kind?" Ṣé ọmọ yín nìyí?

Àáfà ti tẹ́ ọwọ́ àdúà, orúkọ ọmọ ló ń dúró dè.  Mùíbì mọ̀ pé ìdáhùn yìí lè gba ìrìn àjò náà mọ́ òun lọ́wọ́.

"Ja," ló wí, ohùn rẹ̀ kò kọjá ètè.

Àpìkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ ọ́ sókè, bàbá Nọ́síràtù. Ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa nílé."