Pátá Tó Mú Iná Dé Ṣọ́ọ̀bù

Ọmọ mi ọkùnrin ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ní wáyà tí mo nà láti fèrèsé ilé ìdáná, tó gba orí koríko lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi lẹ́yìnkùlé, máa pa èèyàn lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀.

"Màmá, bí iná ò bá tíì gba abẹ́ ilẹ̀ débẹ̀ kí n tó ti ìrìn àjò dé ní Sátidé, ẹ ó kó maṣíìnì yín wá sí yàrá. Mọ́tò mi ni màá máa gbé síbẹ̀."

Mọ́tò! Nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ kí eyín àkọ́kọ́ tó hù lẹ́nu rẹ̀! Ká sòótọ́, tí mo bá ń ránṣọ nínú yàrá, ìyàwó rẹ̀ á máa gbọ́ gbogbo òfófó tí èmi àti àwọn oníbàárà mi ń ṣe. Kí ló wá kù fún mi láyé?

Mo pe oníṣẹ́ iná kan tí wọ́n ń pè ní Gbọọrọ, torí ó ga bí òpó iná. Ó gbẹ́ kòtò tóóró láti ara ilé dé ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe ní kí n bẹjú wo ìsàlẹ̀ ni mo já sínú rẹ̀, ìdí mi sì há. Ọlọ́run ò ṣahun nígbà tó ń pín ìdí fún mi. Gbọọrọ fà mí títí, ó ń làágùn.

"Ìyá, wáyà ni mo wá rì o, kì í ṣe èèyàn."

"Fà mí jáde, aláìnítìjú!"

Ó to páìpù sí ìsàlẹ̀, ó ki okùn kan sínú rẹ̀ tí orí rẹ̀ yọ lápá méjèèjì. Okùn yẹn ló fẹ́ fi fa wáyà kọjá. Ó da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó tẹ́ ọ̀rá pupa sí i láàárín kí ẹni tó bá gbẹ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lè mọ̀ pé iná wà nísàlẹ̀, ó dí kòtò pa, ó sì lọ ra wáyà.

Bó ṣe lọ tán ni mo rí orí okùn náà lẹ́nu páìpù. Okùn gidi, funfun báláú! Okùn tí mo ń sáṣọ sí sì ti já. Mo fà á, ó ń bọ̀. Mo tún fà á, ó ń bọ̀ ṣáá, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí Gbọọrọ fi máa dé, gbogbo aṣọ abẹ́ mi ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí rẹ̀.

Ó káwọ́ lérí. "Ìyá! Okùn tí mo fẹ́ fi fa wáyà lẹ sá pátá sí?"

"Ṣé o kọ orúkọ sí i lára ni?"

"Àfi ká tún kòtò yẹn gbẹ́. Òní sì ni Sátidé tí ẹ ní ọmọ yín ń bọ̀!"

Mo ti ń rí mọ́tò ọmọ mi tó dùbúlẹ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀ níbi tí maṣíìnì mi wà. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń wo páìpù, páìpù ń wò mí. Ihò ṣáà ni. Atẹ́gùn á gba inú rẹ̀. Mo sáré wọlé (ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ní mo sáré), mo gbé ẹ̀rọ tí ìyàwó ọmọ mi fi ń fa eruku jáde.

"Fi ẹnu rẹ̀ bo páìpù lára ilé níbí. Tí mo bá pariwo, tàn án."

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo so òwú ìránṣọ mọ́ ègé ọ̀rá kan, mo tì í sẹ́nu páìpù, mo pariwo. Ọ̀rá há sọ́nà. Mo fà á padà. Ohun tó fẹ́lẹ́, tó sì ń yọ̀ la nílò. Mo gbójú sókè, mo rí pátá ṣẹ́dà mi olódòdó pupa, èyí tí mo rà nígbà tí ojú bàbá wọn ṣì ríran dáadáa. Mo ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́, mo gé ègé kan, mo so òwú mọ́ ọn, mo sì tì í sẹ́nu páìpù.

"Tàn án!"

Òwú bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ́wọ́ mi. Gbọọrọ figbe ta lọ́hùn-ún: "Ó ti dé o!"

Ọmọ mi náà ti dé. Ó bá Gbọọrọ lórí ìkúnlẹ̀, ègé pátá lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

"Kí lò ń fi pátá ìyá mi ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n... iná... iná là ń fà."

Ẹ̀rín pa mí, ó kù díẹ̀ kí n tọ̀ sára. A kó aṣọ kúrò lórí okùn, a so ó mọ́ òwú, òwú fa okùn, okùn fa wáyà. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí maṣíìnì mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Aṣọ tí mo kọ́kọ́ fi iná yẹn rán ni ìbora fún mọ́tò ọmọ mi, torí ìta ló ń sùn. Kọ́tìnì àtijọ́ ni mo fi rán an. Ibi ìdí rẹ̀ kò délẹ̀, mo bá fi ìyókù pátá náà lẹ̀ ẹ́.