Iṣu Tí Wọ́n Wẹ̀ ní Redstone

Inú Morọ́láyọ̀ ń dùn ṣìnkìn. Oyún rẹ̀ ti tóbi débi pé kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ kò sí àárọ̀ tí kì í sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement ilé wọn ní Redstone, nílùú òyìnbó, lọ ṣí freezer wò. Ọbẹ̀ ata ẹran ewúrẹ́ wà níbẹ̀, ògì wà níbẹ̀, ẹja gbígbẹ náà ò gbẹ́yìn. Yóò wò ó, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò pa á dé. Abiyamọ tó bá jẹ irú oúnjẹ yìí, kí ló kàn án pẹ̀lú snow?

Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù kó dé. Nígbà tí Dóyin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bímọ n'Ìbàdàn, Morọ́láyọ̀ ló ń gbé omi gbígbóná. Ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí Màmá ń fi aṣọ ìnura gbígbóná tẹ Dóyin níkùn, tí Dóyin ń pariwo tó tún ń rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ náà ni Màmá ṣe ń na ọmọ lápá, tó ń nà án lẹ́sẹ̀, tó sì ń jù ú sókè díẹ̀ kí ó má baà di ojo. Láti ìgbà yẹn ló ti ń retí ìgbà tirẹ̀. Àmọ́ visa Màmá ò tíì jáde, ọmọ ò sì ní í dúró de visa.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Màmá pè lórí WhatsApp.

"Tádé dà?"

Tádé ọkọ Morọ́láyọ̀, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé, sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún fóònù. "Ẹ káalẹ́, Mọ́mì." Aago Ìbàdàn ni wọ́n fi máa ń kí ara wọn.

"Ìwọ lo máa wẹ ọmọ o. Wá nǹkan tó tóbi tó ìkókó, kí n kọ́ ẹ."

"Teddy bear ńkọ́, Mọ́mì?"

"Ọmọ wo ló fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Ni Tádé bá lọ gbé iṣu tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Falconridge. Morọ́láyọ̀ gbé fóònù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ sink, ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn ún.

"Orí ni kó o fọwọ́ gbé, Tádé, kì í ṣe ìdí!"

"Mọ́mì, ibo ni orí wà lára iṣu?" Èkó ni wọ́n bí i sí, Èkó ló dàgbà sí. Iṣu tí wọ́n ti gún ló mọ̀. Màmá ní kó bu omi gbígbóná sí i.

"Hot water, Mọ́mì, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń jóni o," Morọ́láyọ̀ dá sí i. Nọ́ọ̀sì ni.

"Ta ló wẹ ìwọ fúnra ẹ?" Màmá fèsì.

Orí wá ń wú Tádé. Ó fọ iṣu, ó fọ̀ ọ́ dáadáa, ọṣẹ kún un lára. Kí wọ́n tó sọ fún un, ó ti jù ú sókè. Iṣu yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó balẹ̀ gbì, ó sì dá sí méjì.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Morọ́láyọ̀, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ohun tó ti ń bà á lẹ́rù tẹ́lẹ̀ nìyí gan-an: pé kò ní í rí ọwọ́ tó dà bí ti ìyá rẹ̀ nílùú òyìnbó yìí. Tádé kúnlẹ̀ ti iṣu, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Màmá ò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. "Gbé èyí tó tóbi. Tún bẹ̀rẹ̀."

Ó gbé e. Lọ́tẹ̀ yìí kò kánjú mọ́. Ó gbé orí rẹ̀ sórí ọwọ́ òsì, ó ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń sọ̀rọ̀. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Daddy ẹ ni. Pẹ̀lẹ́, jàre." Ó fi aṣọ ìnura dì í, ó gbé e lé àyà. Lójú fóònù, Màmá fi etí ìborùn nu ojú.

Tádé wá gbé ọwọ́ sókè láti jù ú.

"Dúró!" Màmá kígbe. "Má jù ú. Ìyẹn, tèmi ni. Bí wọ́n bá fún mi ní visa lóṣù yìí, bí wọ́n bá fún mi lọ́dún tó ń bọ̀, èmi ni màá wá jù ú. O ti mọ ìyókù."

Nígbà tó di àkókò oúnjẹ alẹ́, Morọ́láyọ̀ bẹ ìdajì tó ṣẹ́ kù nílẹ̀, kò sì kún ìkòkò. Ó na ọwọ́ sí èyí tó wà nínú aṣọ ìnura. Tádé ti gbé e kúrò níwájú rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ orí rẹ̀ bí Màmá ṣe kọ́ ọ.

"Fi èyí sílẹ̀," ó ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́ ni."

Morọ́láyọ̀ wo ọwọ́ yẹn títí. Ó da omi díẹ̀ kúrò nínú ìkòkò, ó sì gbé ìdajì kékeré náà nìkan kaná.