Ohun Tí Saloua Gbọ́ ní Dougga

Láti ìgbà tí Hayet ti dé láti Lyon lókè òkun ni ọkàn Saloua kò ti balẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà, ṣùgbọ́n bí Hayet bá ti rẹ́rìn-ín, Moncef, ọkọ Saloua, á rẹ́rìn-ín tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ oṣù lè wọ̀, oṣù lè jáde, kí eyín ọkùnrin yìí má hàn nínú ilé rẹ̀.

Moncef ló dábàá pé kí wọ́n lọ wo Dougga, ìlú àwọn ará Róòmù tó ti di ahoro lórí òkè. Hayet jókòó síwájú mọ́tò. Saloua gbé agbọ̀n búrẹ́dì àti ẹyin sísè lé itan lẹ́yìn, ó ń wo ìpàkọ́ àwọn méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn ará àtijọ́ ti ń wòran, tí ìjókòó òkúta ga lé ara wọn bí àtẹ̀gùn, Saloua ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn. Irọ́ ni. Ó gun òkè pátápátá kó lè máa ṣọ́ wọn. Àwọn yẹn dúró sórí pèpéle nísàlẹ̀, wọn ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe kọ́ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ìsàlẹ̀ ń dé òkè ketekete.

“Ṣé o mọ̀ pé ìwọ ni mo kọ́kọ́ wá tọrọ?” Moncef bi í. “Bàbá yín ló ní àbúrò kì í ṣáájú ẹ̀gbọ́n lọ sílé ọkọ.”

Saloua tẹ̀ síwájú kó lè gbọ́ dáadáa.

“Mo mọ̀,” ni Hayet wí. “Èmi ni mo bẹ bàbá kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ yín, Bọ̀dá Moncef. Ẹ̀gbọ́n mi ló nífẹ̀ẹ́ yín.”

Èyí dun Saloua ju ti àkọ́kọ́ lọ. Oúnjẹ tí àbúrò òun kò tilẹ̀ fẹ́ tọ́ wò ni òun ń fi gbogbo ara ṣọ́.

“Bàbá Aymen,” ó fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀ láti òkè, kò pariwo, “mò ń gbọ́ yín o.”

Moncef gbójú sókè wò ó. Hayet sáré gun òkúta wá, ó ń mí hẹlẹ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú.”

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ò ní fẹ́ wọn mọ́.”

“Ò bá jẹ́ kí n yàn fúnra mi.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ilé bàbá wọn ni Saloua sùn. Nígbà tí Moncef wá bẹ̀bẹ̀, Saloua ní kó tọrọ òun lọ́tun lójú bàbá, kó pe orúkọ òun, kì í ṣe ti Hayet. Ọkùnrin náà pè é.

Saloua ní kó padà wá gbọ́ èsì lọ́la.