Ìkúnlẹ̀ Tí Nọ́ọ̀sì Kọ́ Àmínà

Àmínà bú ìyá ọkọ rẹ̀ níwájú gbogbo ilé, ìyá náà sì búra pé òun kò ní wẹ ọmọ tó wà nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ní Ìgbó-Ọrà ti kọ́ àwọn aboyún pé kí wọ́n máa kúnlẹ̀, kí wọ́n forí kanlẹ̀, kí wọ́n dijú, kí wọ́n máa mí jẹ́ẹ́jẹ́, kí ìrọbí lè rọrùn. Báyìí ni Àmínà ṣe wà lórí ẹní nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé.

“Ó tó, ìyàwó, dìde! Pẹ̀lú ikùn yìí? Mo ti dárí jì ẹ́. Màá wẹ ọmọ náà, àfi tó bá gbé ẹnu ẹ wáyé!”

Ojú ti Àmínà. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló ń bẹ̀. Ó tún kúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú, Màmá. Ìsinsìnyí ni mo ń bẹ̀ yín.”